Mítà Kan Ààbọ̀

Nazibrola kì í kí ènìyàn kó tó wọn nǹkan.
Ó fa tépù onírin rẹ̀ yọ nínú àpò kóòtù,
ó fi ẹnu rẹ̀ gún ògiri àtẹ̀gùn wa ní Kutaisi,
ó nà án dé ibi tí páálí bàtà mi ti bẹ̀rẹ̀,
ó wò mí, ó wo páálí.
"Àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Mítà kan ààbọ̀ ni òfin wí.
Ṣé ìwọ lo máa sọ fún èéfín pé kó fẹ̀gbẹ́ rìn?"

Mo bú u nínú ikùn mi.
Ta ní ń sanwó yàrá ìkẹ́rùsí? Ṣé òun ni?
Yìnyín ti ń bọ̀, bàtà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Batumi,
obìnrin yìí wá ń kọ owó ìtanràn sílẹ̀
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́.

Ó gun òkè lọ bá Ramaz, onílé,
níbi tí wọ́n ti ń mu wáìnì kọrin mọ́jú.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lóòótọ́. Ṣéènì wà lára rẹ̀,
àti àgádágodo tó tó orí ọmọ ọwọ́.
Ramaz ní, "Àwọn oníbàárà a máa sá lọ láìsanwó."
Nazibrola ní, "Ajigbèsè tó wà láàyè,
o lè pè é lẹ́jọ́."
Kò rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ó ní kí wọ́n yí ilẹ̀kùn náà padà kó máa ṣí síta,
torí èrò tó ń sá kì í rántí àtifà,
títì nìkan ni ọwọ́ wọn mọ̀.
Ó ní kí iná kékeré aláwọ̀ ewé wà lókè àtẹ́rígbà,
èyí tí í tàn nígbà tí gbogbo iná yòókù bá kú.
Ó mi agolo apaná wa létí: ó ti gbẹ láti ọdún mẹ́sàn-án,
aláǹtakùn ti bímọ sẹ́nu rẹ̀.
A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Àwa ń sùn ní tiwa, a tún ń hanrun.

Oṣù Kejì, òru Sátidé.
Tsiala aránṣọ gbàgbé hítà, ó kọjú rẹ̀ sí aṣọ.
Iná kọ́ ló kọ́kọ́ dé, òórùn ni,
òórùn bọ́tìnnì tó ń yọ́.
Iná mànàmáná kú. Orin òkè ò tètè dá,
ẹnìkan ṣì ń fa ohùn gun òkè nínú òkùnkùn.
Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀.

Mo dúró ti ògiri níbi tí páálí mi máa ń wà.
Bàbá kan tó sanra pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ kọjá,
ọmọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá,
èjìká ò kan èjìká.
Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo kà wọ́n nínú yìnyín, lẹ́ẹ̀mejì.
Ìwé ìròyìn ò kọ nǹkan kan.
Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Nazibrola dé,
kò bi wá pé ṣé àlàáfíà ni,
ó tún àtẹ̀gùn wọ̀n.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí.
Ọmọdékùnrin tó gbapò rẹ̀ ń mu kọfí lọ́dọ̀ Ramaz,
orí àga ló ti ń fọwọ́ sí ìwé.
Lánàá, nígbà tí mo ti ìsọ̀, mo di ojú mi,
mo fọwọ́ tọ́ ògiri, mo ka ìgbésẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn:
mẹ́rìnlélógún, ọwọ́ mi bá irin tútù.
Ṣéènì tuntun. Wọ́n tilẹ̀ fi òróró kùn ún.

Mo yí padà pẹ̀lú ìbínú, èébú ti kún ẹnu mi fún Ramaz,
mo sì fẹsẹ̀ kọ nǹkan lójú àtẹ̀gùn.
Páálí méjì. Bàtà òtútù, láti Batumi.
Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé wọn síbẹ̀.